Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Kò Sí Ìwà Ipá ní Dubai àti Sharjah?

Olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa wádìí ọ̀rọ̀ kan tó kan ibi tí à ń gbé, kó sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Èyí tí mo mú rèé. Nǹkan mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ sí wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló jẹ́ kí n mú un.

Àkọ́kọ́: Màmá àgbà wá kí wa láti Ìbàdàn, a sì mú wọn lọ sí mall kan ní Dubai. Níbi tí a ti ń jẹun, ọkùnrin kan tó jókòó nítòsí wa dìde lọ ra kọfí, ó fi fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Màmá àgbà pariwo, "Ẹ bá mi pè é o! Wọn á jí i gbé!" Dádì mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Màámi, Dubai nìyí. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí." Màmá àgbà kò dá wọn lóhùn, wọ́n kàn di báàgì tiwọn mú síbẹ̀.

Èkejì: Ní ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí WhatsApp mọ́mì mi. Ó ní àwọn kan ń gún èèyàn lọ́bẹ ní Sharjah, wọ́n sì ń jí ọmọ gbé, kí ìyá kankan má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Sharjah là ń gbé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èmi àti àbúrò mi ò fi jáde àyàfi tí a bá ń lọ sí ilé ìwé.

Ẹ̀kẹta: Bùrọ̀dá mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó sì ga bí ọ̀pẹ, wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbé wa lọ sókè ilé wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lift. Obìnrin kan wà níbẹ̀. Bó ṣe rí bùrọ̀dá mi, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó sì jáde ní àjà kejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àjà kan náà ni àwa àti obìnrin yẹn jọ ń gbé, lókè lọ́hùn-ún. Nígbà tí bùrọ̀dá mi wọlé, kò jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó sọ ọ́ fún wa.

Ẹ wò ó o. Ibì kan náà ni gbogbo wa wà. Dádì mi ní kò sí ìwà ipá níbí rárá. Ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ní ó kún ìgboro. Lójú obìnrin inú lift, bùrọ̀dá mi gan-an ni ìwà ipá ọ̀hún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè jàre. Ta ló wá sọ òótọ́?

Kí là ń pè ní ìwà ipá?

Ká tó ka nǹkan, ó yẹ ká mọ ohun tí à ń kà. Ìwà ọ̀daràn oníwà ipá ni èyí tí ẹnì kan ti fi agbára tàbí ohun ìjà ṣe ẹlòmíì léṣe, tàbí tó fi dẹ́rù bà á. Ìpànìyàn wà níbẹ̀, ìdigunjalè wà níbẹ̀, ìjínigbé wà níbẹ̀, ìfipábánilòpọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó rọra yọ fóònù nínú àpò ẹni, olè ni, àmọ́ kì í ṣe oníwà ipá. Oníjìbìtì náà, olè ni. Gbogbo wa la gbọ́ nípa Hushpuppi, ọmọ Nàìjíríà tí àwọn ọlọ́pàá Dubai mú ní oṣù kẹfà ọdún 2020, tí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà sì rán lọ sẹ́wọ̀n ní 2022. Jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣe, kò yọ ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ò sọ ọ́ di nǹkan kékeré o, àmọ́ tí a bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú agbọ̀n kan, a ò ní mọ èwo ló yẹ ká ṣọ́ra fún.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Tí mo bá sọ pé wọ́n pa èèyàn 5 ní ìlú kan, wọ́n sì pa èèyàn 2 ní ìlú kejì, ìlú wo ló léwu jù? Ẹ má tíì dáhùn. Tí ìlú àkọ́kọ́ bá ní èèyàn 500,000, tí ìlú kejì sì ní 20,000, ìlú kejì ló léwu jù. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi iye èèyàn inú ìlú pín iye tí wọ́n pa, wọ́n á wá fi 100,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìlú àkọ́kọ́ á jẹ́ 1 nínú 100,000, ìlú kejì á jẹ́ 10.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe irú ìṣirò yìí fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2021, nǹkan bí èèyàn 458,000 ni wọ́n pa káàkiri àgbáyé. Ìyẹn jẹ́ 5.8 nínú 100,000. Ti UAE ò tó ẹyọ kan nínú 100,000. Nítorí náà, dádì mi ò parọ́ pátápátá. Ibí yìí wà lára àwọn ibi tí ìpànìyàn ti kéré jù láyé.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe àwọn tó ń gbé níbí nìkan ló wà níbí. Dubai ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, àmọ́ ní ọdún 2024 nìkan, àlejò mílíọ̀nù 18.72 ló wá sùn níbẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ yẹn ń wá, wọ́n ń ná owó, wọ́n sì ń padà lọ sílé wọn ní àlàáfíà.

Àmọ́ "ó kéré" kì í ṣe "kò sí"

Ibi tí mo ti bá dádì mi jiyàn nìyí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni o. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, àwọn adigunjalè wa mọ́tò Audi méjì wọ inú mall Wafi ní Dubai, wọ́n fọ́ ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, wọ́n sì sá lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹgbẹ́ olè tí wọ́n ń pè ní Pink Panthers ni wọ́n.

Ní oṣù keje ọdún 2008, wọ́n pa Suzanne Tamim, olórin ọmọ Lẹ́bánónì, sínú ilé rẹ̀ ní Dubai Marina. Ilé ẹjọ́ ní Íjíbítì dá ẹni tó pa á lẹ́bi, ó sì dá olówó tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà lẹ́bi.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n pa Mahmoud al-Mabhouh, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú Hamas, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Dubai. Àwọn tó pa á lo ìwé ìrìnnà ayédèrú. Ọlọ́pàá Dubai kó àwòrán tí kámẹ́rà yà jọ, wọ́n fi han gbogbo ayé bí wọ́n ṣe wọ ìlú, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe pààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn èèyàn náà ti bọ́ sínú bàálù. Èyí kọ́ mi pé kámẹ́rà lè rí ẹni tó ṣe nǹkan láìdá a dúró.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n pa Zvi Kogan, rábì ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé níbí. Wọ́n mú àwọn tó pa á, ilé ẹjọ́ ní Abu Dhabi sì dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú wọn ní 2025.

Kí ni mo rí nínú gbogbo ẹ̀? Àwọn apànìyàn wọ̀nyí ò kàn ń bá ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ jà. Ẹni tí wọ́n pa, òun gan-an ni wọ́n ń wá. Kì í sì í ṣe Dubai nìkan ni ìpànìyàn kì í ti í sábà jẹ́ iṣẹ́ àjèjì inú òkùnkùn. Ní 2021, nínú àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n pa káàkiri ayé, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ọkọ, àfẹ́sọ́nà tàbí ẹbí wọn ló pa wọ́n. Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ àjèjì, ẹni tó wà nínú ilé ń kọ́?

Sharjah 2019, àti àwa ọmọ Nàìjíríà

Mo fẹ́ fo apá yìí, bùrọ̀dá mi ló ní kí n má fò ó.

Ní ọdún 2019, àwọn adigunjalè kọlu ilé tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó ní Sharjah, wọ́n sì kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 dirham. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi mú wọn. Ọmọ Nàìjíríà márùn-ún ni. Abike Dabiri-Erewa, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, bẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀, kò yẹ ká sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ìka kan bá kan epo, á ran àwọn yòókù. Bó ṣe rí nìyẹn. Márùn-ún ló jalè, àwa yòókù là ń fọ epo. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò tí a kọ́ lókè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Márùn-ún nínú mélòó? Àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́, àwọn olùkọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ta ọjà ní Deira, àwọn tó jí ní agogo mẹ́rin àárọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì láti Sharjah lọ sí ibi iṣẹ́ ní Dubai? Ẹnì kan kì í gbé àwòrán wọn kiri, torí pé ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ tó sì padà sílé kì í ṣe ìròyìn.

Àwa fúnra wa náà máa ń bá wọn fi epo kún un. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ bàálù Emirates dá lílọ sí Nàìjíríà dúró. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ti pa há sí Nàìjíríà, àwọn ò rí i kó jáde. Wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Àmọ́ ẹ béèrè nílé yín ohun tó fà á. Mo béèrè lọ́wọ́ àgbà mẹ́ta ní ibi àríyá kan, méjì nínú wọn sọ pé, "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń jà ní Dubai ló bà á jẹ́ fún wa." Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ bàálù, àwa ló fẹnu ara wa sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjà.

Ohun tí ìṣirò ò lè rí

Ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi sùn, ìṣirò ò lè kà á. Ní ọdún 2013, obìnrin ará Nọ́wè kan tó wá ṣiṣẹ́ ní Dubai lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá pé ọkùnrin kan fipá bá òun lò pọ̀. Òun gan-an ni ilé ẹjọ́ rán lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rìndínlógún, lórí ẹ̀sùn pé ó bá ẹni tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ sùn, pé ó parọ́, pé ó sì mu ọtí. Ariwo ta káàkiri ayé, wọ́n sì dárí jì í láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti ọdún 2020 ni ìjọba ti ń tún irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: obìnrin mìíràn tó gbọ́ ìròyìn yẹn nígbà náà, ṣé á lọ fẹjọ́ sùn? Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ lù, tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá òun padà sílé, ṣé á sọ̀rọ̀? Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iye náà kéré lóòótọ́, tí mi ò sì gbà pé gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún oríṣi ìṣirò kejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá rí i kà pé Abu Dhabi ló ní ààbò jù láyé, tí Dubai àti Sharjah sì wà nítòsí rẹ̀, Numbeo ni wọ́n ti mú un. Numbeo ò ka iye tí wọ́n pa. Àwọn tó bá wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bi bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀ tó. Ìbàlẹ̀ ọkàn dára, àmọ́ ọkàn ẹni ló ń sọ, kì í ṣe ìgboro. Ọkàn mọ́mì mi ò balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ Sharjah ò yí padà.

Ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti wá

Mo ní kí mọ́mì mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ó ní ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí òun. Ẹni yẹn náà ní ẹnì kan ni. Nígbà tó yá, àǹtí mi ní London fi èyí tí àwọn náà ti gbà lọ́dún tó kọjá hàn wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Orúkọ àdúgbò kan ní London ló wà níbi tí wọ́n fi Sharjah sí nínú tiwa. Mọ́mì mi ní, "Háà! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ti àwọn ọmọ mi mọ́lé nítorí irọ́ tó ń wọ bàálù kiri."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, níbí, ẹni tó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíì lè rí ẹjọ́. Òfin kan wà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, tó dè é léèwọ̀ láti máa tan irọ́ kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́" ò ní gbà yín. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù, nígbà náà?

Ní gbogbo UAE, èèyàn 352 ló kú lójú títì ní ọdún 2023. Ní 2024, ó di 384. Tí ẹ bá fi ìṣirò tí a kọ́ wò ó, UAE ní èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá lé díẹ̀, ìpànìyàn ò sì tó ẹyọ kan nínú 100,000, ẹ ó rí i pé mọ́tò ń pa wá ju ọ̀bẹ lọ dáadáa. Síbẹ̀, mọ́mì mi tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa nítorí ọlọ́bẹ, àwọn náà ni wọ́n ń dáhùn ìpè lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò ní òpópónà Al Ittihad. (Mo ti tọrọ àyè kí n tó kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n sì kọ ọ́ pé àwọn ti jáwọ́.)

Ẹ rántí iná náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé gíga kan jóná ní Al Nahda, Sharjah, èèyàn márùn-ún ló kú, tí èèyàn 44 sì fara pa. Nínú ilé wa, ta ló mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà tí lift bá dúró? Èmi ò mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àmọ́ igi tó wà níbẹ̀ ni ká máa wò, kì í ṣe èyí tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ àwọn nọ́ńbà yìí sára ògiri ilé ìdáná wa: 999 fún ọlọ́pàá, 998 fún ọkọ̀ aláìsàn, 997 fún panápaná. Tí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ọlọ́pàá Dubai ní 901.

Ìparí

Mo ka ohun tí mo kọ fún gbogbo wọn nílé. Dádì mi gbà pé "ó kéré" ni àwọn á máa sọ báyìí, kì í ṣe "kò sí." Màmá àgbà ní àwọn ò tiẹ̀ nílò ìṣirò kankan, pé ẹni tó bá di báàgì rẹ̀ mú kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún wọn pé òótọ́ ni, àmọ́ obìnrin inú lift yẹn náà, báàgì rẹ̀ ló dì mú. Gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀. Màmá àgbà wá ní, "Èmi ò sá jáde fún ọmọ ẹnì kankan." Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣọ́ra àti ìfura sí odindi ẹ̀yà nìyẹn, mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bùrọ̀dá mi ní kí n fi èyí kún un: òun ò mọ orúkọ obìnrin náà, obìnrin náà ò sì mọ orúkọ òun, bẹ́ẹ̀ ó ti di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti jọ ń gbé àjà kan. Ní ọjọ́ Monday tó tẹ̀ lé e, Màmá àgbà bá obìnrin náà wọ lift pẹ̀lú bùrọ̀dá mi. Wọ́n kí i ní Yorùbá, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa la jí?" Kò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, kì í sọ̀ ní àjà kejì mọ́. Ó ṣì ń di báàgì rẹ̀ mú. Ìyẹn ò burú.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mọ̀

Ìwà ipá: kí èèyàn fi agbára ṣe ẹlòmíì léṣe.
Ìdigunjalè: olè jíjà tí wọ́n fi ohun ìjà ṣe.
Jìbìtì: kí èèyàn fi irọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì.
Bẹnu àtẹ́ lù: kí èèyàn sọ ní gbangba pé nǹkan kò dára.
Ìfura: kí ọkàn ẹni má balẹ̀ sí ẹnì kan.
Àfojúbà: ohun tí ojú ẹni rí fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Wọ́n pa èèyàn 6 ní ìlú tó ní èèyàn 300,000. Mélòó ni nínú 100,000? Ṣé ó ju ti gbogbo ayé ní 2021 lọ?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìṣirò iye tí wọ́n pa àti ìṣirò bí ọkàn èèyàn ṣe balẹ̀ tó?
3. Sọ ìdí méjì tí ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí fi lè má fẹjọ́ sùn.
4. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé yín: kí ni wọ́n gbọ́ nípa Dubai kí wọ́n tó dé ibí, kí sì ni wọ́n fi ojú ara wọn rí? Kọ ìdáhùn wọn ní gbólóhùn márùn-ún.